Akọni Wo Ni Yóò Wà Lórí Báńà Ọjọ́ìbí?
Ayẹyẹ ọjọ́ìbí alákọni, ìyẹn èyí tí a fi àwòrán àwọn akọni inú fíìmù ṣe ọ̀ṣọ́ fún ọmọdé, kò yẹ kó da òbí kankan láàmú ní Ṣómólú àti Bàríga ní Èkó, nítorí àwọn atẹ̀wé tó kún Ṣómólú lè gbé ojú ọmọ ọlọ́jọ́ìbí sórí ara Spider-Man lórí báńà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé akọni Amẹ́ríkà yìí, tó ti wà láti 1962, ló ṣì ń gba iwájú, nígbà tí Comic Republic, ilé-iṣẹ́ ìwé aláwòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2013, ti ní Guardian Prime, akọni ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe iṣẹ́ aránṣọ ìgbàlódé. Télọ̀ àdúgbò lè fi àjákù ańkárá rán aṣọ ẹ̀yìn akọni, èyí tó máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ọmọ bá ń sáré, ṣùgbọ́n kí ó fi bọ́tìnnì àtẹ̀ tó ń tètè já mú un lọ́rùn, kì í ṣe okùn, torí okùn lè fún ọmọ lọ́rùn bí aṣọ bá há síbì kan. Ní ti ìbòjú oníke, òógùn á ti mú kí àwọn ọmọ bọ́ ọ sọnù kí ìrẹsì tó délẹ̀.