Ìwé Ẹ̀bẹ̀ sí Mọ́gàjí Lórí Ọ̀ràn Ológbò Mi

Sí Bàbá wa, Mọ́gàjí agbo ilé wa,
Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn.

Bàbá,

Èmi ìyàwó ilé yín tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba ni mo kọ ìwé yìí. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi mú bírò. Láyé àtijọ́, akọ̀wé lẹ́tà ni ǹ bá lọ bá, òun ì bá sì fi gẹ̀ẹ́sì tó gùn ju ọ̀pá ìbọn lọ bẹ̀ yín, tí èmi alára kò ní mọ ohun tí mo wí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìyí, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Mo gbọ́ pé ní ìpàdé mọ̀lẹ́bí ọjọ́ Àìkú tó kọjá, nígbà tí mo wà lórí àtẹ, wọ́n fẹnu kò pé kí n mú Púsì, ológbò mi, kúrò nílé kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Bí n kò bá mú un kúrò, àwọn ọ̀dọ́ yóò kì í sínú àpò, wọn yóò sì sọ ọ́ sódò Ògùnpa. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé kì í jẹ́ kí ará ilé sùn. Bàbá, n kò ní purọ́ fún yín: òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa, ta ni oorun rẹ̀ ṣòfò tó tèmi?

Tẹ́lẹ̀, bí ó bá ti di aago méjì òru, á gun àyà mi, á máa fi ọwọ́ gbá mi nímú. Bí mo bá fi aṣọ borí, á wọ inú aṣọ. Bí mo bá tì í síta, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fi èékánná ha ilẹ̀kùn, á máa ké bí ọmọ ìkókó tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sóde ìnáwó. Nígbà tí ládánì bá pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí Ọjà'ba, ìgbà náà ni yóò wá ká jọ sórí àpò èlùbọ́ tí yóò sùn bí ẹni tó ti iṣẹ́ ọba dé. Èmi á sì gbé ojú pípọ́n lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kan, níbi tí mo ti ń tòògbé, mo wọn kóńgò mẹ́rin fún ẹni tó san owó mẹ́ta. Oníbàárà náà ò wí nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá," ó gbẹ́rù, ó lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò tíì lé e. Ẹ rántí bí ilé yìí ti rí kí ó tó dé. Eku ń sáré lórí àjà bí ẹni pé ìdíje ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń lu àpò èlùbọ́ mi, wọ́n ń tọ̀ sínú gàrí àwọn ará ilé, wọ́n sì bímọ sínú àpótí aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ibà Lassa tí rédíò ń kéde rẹ̀ lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, eku ló ń gbé e kiri. Kí ó tọ̀ tàbí kí ó yàgbẹ́ sórí oúnjẹ ti tó. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń ka ọ̀nà tí a fi lè lé eku jìnnà sílé, wọ́n ka ológbò mọ́ ọn. Láti ọjọ́ tí Púsì ti dé, n kò tíì ju àpò èlùbọ́ kan nù nítorí eku. Kì í sì í ṣe yàrá mi nìkan ló ń ṣọ́. Kò mọ ibi tí yàrá ẹnì kan parí sí tí tẹlòmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n tún ní kì í ṣe ológbò lásán, pé ojú rẹ̀ ń tàn bí iná lóru. Bàbá, ojú gbogbo ológbò ló ń tàn bẹ́ẹ̀. Awọ kan wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú wọn tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi díńgí, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n ríran níbi tí àwa ti ń táràrà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sójú ewúrẹ́ lálẹ́ òní, ẹ ó rí i pé tirẹ̀ náà ń dán. A ò sì pe ewúrẹ́ ní àjẹ́ rí, ṣe la ń sè é jẹ. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ yìí náà ló wá yá Púsì lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ tí eku wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.

N kò káwọ́ gbera lórí igbe òru rẹ̀. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ adìyẹ, mo wọ Micra ní Bẹẹrẹ (awakọ̀ ní àfi kí n sanwó ìjókòó kan fún un, mo sì san án), mo gbé e dé ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn. Dókítà kékeré kan tó yẹ̀ ẹ́ wò bi mí pé kí ni mo máa ń ṣe nígbà tó bá ń ké lóru. Mo ní mo máa ń dìde fún un ní orí ṣawá kan kó lè dákẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ó mọ̀ pé igbe òun ni agogo oúnjẹ."

Ó wá ṣàlàyé pé ológbò lè sun wákàtí 12 sí 16 láàárín ọ̀sán òun òru, àti pé ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ni ara rẹ̀ máa ń yá sí ọdẹ jù. Èmi sì rèé, tí mo ń fi í sílẹ̀ kó sun gbogbo ọ̀sán títí di alẹ́. Ó ní kí a máa bá a ṣeré ní ìrọ̀lẹ́ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, kí n fún un lóúnjẹ nígbà tí èmi náà bá fẹ́ sùn, kí n má sì dá a lóhùn mọ́ lóru, bó ti wù kó ké tó. Àwọn ọmọ ilé ló ń bá mi fi okùn fa àkísà kiri àgbàlá, tí Púsì ń lé e. Ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀ fún mi pé igbe rẹ̀ yóò kọ́kọ́ le sí i kó tó rọlẹ̀. Òru márùn-ún ló fi ké bí ẹni tí wọ́n jí lówó. Bàbá, òru márùn-ún yẹn gan-an ni àwọn ará ilé gbọ́ tí wọ́n fi pe ìpàdé. Wọn ò dúró kí òru kẹfà dé. Láti ìgbà náà, àsùbáà ló ń jí mi, ó sì yẹ kí n ti jí nígbà yẹn.

Èyí tó kù, ìṣeré ò lè wò ó. Abo ni Púsì. Bí abo ológbò bá ti tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí wá akọ, igbe ìgbà náà ló sì ń wọ egungun. Bí kò bá rí akọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta á tún bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ òyìnbó, nígbà òtútù tí ojúmọ́ ń kúrú, àwọn ológbò a sinmi díẹ̀. Níbí tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jákèjádò ọdún, ìsinmi ò sí. Bí ó bá sì rí akọ, nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ẹ ó ka ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ̀yin náà mọ bí páànù wa ṣe fara kan ara: akọ ológbò lè gbéra láti Bẹẹrẹ kó dé ọ̀dọ̀ wa láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Èyí tó ń jà jù lórí òrùlé, tí etí rẹ̀ kan ti ya, kò rìn jìnnà kó tó dé rárá. Agbo ilé yìí ni wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ. N kò ní dárúkọ olówó rẹ̀, mo kàn gbọ́ pé ohùn rẹ̀ ló ròkè jù ní ìpàdé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, Bàbá, kí ẹ dá àṣẹ ọjọ́ Jímọ̀ dúró títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀, kí n lè ta ọjà tó wà nílẹ̀, kí n fi owó rẹ̀ gbé Púsì padà lọ kí wọ́n yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin rẹ̀. Dókítà ní igbe akọ wíwá yóò dópin nígbà náà, yóò sì máa pa eku lọ bó ti ń pa á. Ẹ bá mi bẹ olówó akọ náà kó jẹ́ kí wọ́n tẹ tirẹ̀ lọ́dàá. A ń tẹ òbúkọ lọ́dàá nílé yìí, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ìkà. Bí àwọn tí Púsì ń bá ṣọ́ gàrí bá lè fi nǹkan kún owó iṣẹ́ abẹ náà, inú mi yóò dùn. Bí wọn ò bá fi kún un, mo ti gbà á fún Ọlọ́run.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún wọn ni ti òògùn eku. Lánàá, mo bá ẹja tí wọ́n fi òògùn eku sí nínú lẹ́yìn ilé ìdáná. Adìyẹ ń jẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ọdún méjì sì ń ṣeré kiri ibẹ̀. Kí wọ́n má dà á mọ́. Kí ẹni tó sọ òkò lu páànù mi lóru Ọjọ́bọ̀ tó kọjá náà wá dí i, nítorí òjò ń wọlé sórí èlùbọ́.

Ní ti odò Ògùnpa, ẹ̀yin ẹ mọ ohun tó fojú wa rí ní omíyalé ọdún 1980. Ẹ má jẹ́ ká tún fi ẹ̀mí kankan ta á lọ́rẹ.

Bí a ti ń kọ ìwé yìí, ó wà lórí àpò, ó ń sùn. Ẹ dákun, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀dọ́ náà lónìí. Ọ̀la ni Jímọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́.