Ìjọba tí Ó Dalẹ̀ Yóò Bá Ilẹ̀ Lọ



Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé kan ń bẹ láàárín wa lónìí tí wọ́n ń wí pé àdéhùn tí orílẹ̀-èdè bá ara wọn ṣe kò ju ìwé lásán lọ, àti pé òfin kò lè mú ẹni tí ó bá ní ọmọ ogun púpọ̀. Irọ́ ni èyí, àwa ará Èkó ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ ta kò ó.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, lábẹ́ ìbọn ọkọ̀ ogun Prometheus, ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò pe èyí ní àdéhùn ọ̀rẹ́ méjì? Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, Olóyè Amodu Tijani, tí í ṣe Olúwa ti Èkó, gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921 ni wọ́n dá a láre: wọ́n ní bí ìlú tilẹ̀ bọ́ sábẹ́ ọba mìíràn, ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ parẹ́, nítorí náà kí ìjọba san owó ilẹ̀ náà bí ó ti tọ́. Ẹ kíyè sí i: òfin tí alágbára kọ ni aláìlágbára fi mú un. Bí àwa bá wá ń fi irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ohun ìjà ara wa ni a ń sọ nù.

Ẹ tún wo ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1893 Gómìnà Carter bá wọn ṣe àdéhùn pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò ní fọwọ́ kan òmìnira wọn. Ní ọdún 1914 wọ́n pa àdéhùn náà rẹ́, wọ́n sì gbé owó orí kalẹ̀ níkẹyìn. Ní ọdún 1918 ogun Adùbí bẹ́ sílẹ̀, a hú irin rélùwéè, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Èrè wo ni ẹni tí ó dalẹ̀ jẹ níbẹ̀?

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Bakassi ńkọ́?” Lóòótọ́, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ní ìlú Hague fi Bakassi fún Kamẹrúùnù nítorí àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì ṣe ní ọdún 1913. Nàìjíríà ti rò pé àwọn ọba àti ìjòyè Calabar àtijọ́ ni ó ni ilẹ̀ náà, pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní àṣẹ láti fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ìdájọ́ náà korò. Síbẹ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Greentree ní ọdún 2006, ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ pátápátá ní oṣù kẹjọ ọdún 2008. Àwọn kan pè é ní ojo; èmi pè é ní ọgbọ́n. Bí a bá jagun, ọmọ ta ni ìbá lọ kú? Ọmọ Bàrígà ni, kì í ṣe ọmọ mínísítà. Àdéhùn kan náà ni ó sì fún wa ní ẹnu láti bèèrè ẹ̀tọ́ àwọn ará wa tí ó kù níbẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ tiwa bí ó bá jẹ́ pé àwa ni a kọ́kọ́ dà á?

Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó gbọ́ràn ní Hague kò gbọ́ràn nílé. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS wà ní Abuja, àwa fúnra wa wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2010, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ SERAP pè, ó dájọ́ pé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àti pé kí ìjọba fi owó dí àlàfo owó ẹ̀kọ́ tí àwọn olè jí. Ẹ bi olùkọ́ tí ọmọ kún yàrá rẹ̀ fọ́fọ́ ní Ṣómólú bóyá ìdájọ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Léraléra ni ilé-ẹjọ́ náà ti ráhùn pé àwọn ìjọba kì í mú ìdájọ́ òun ṣẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá sábẹ́ abala 12 ìwé òfin ọdún 1999, tí ó ní àdéhùn kò di òfin àfi bí àwọn aṣòfin bá sọ ọ́ di òfin. Láti ọdún 1983 ni a ti sọ Ìwé Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Áfríkà di òfin nílẹ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé ìjọba àná ni ó fọwọ́ sí i. Sọ́ọ̀lù da májẹ̀mú tí àwọn baba bá àwọn ará Gíbéónì dá. Ìyàn ọdún mẹ́ta ni Ísírẹ́lì fi san án nígbà Dáfídì.

Àwọn òǹtẹ̀wé Ṣómólú mọ̀ pé ẹni tí ó bá ti jẹ gbèsè sá lọ rí, bí ó tilẹ̀ gbé ọkọ̀ ńlá wá, owó rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ san kí ẹ̀rọ tó dún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ayé yóò ṣe sí orílẹ̀-èdè tí kì í mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ará ìlú, nígbà tí ẹni tí ó ń ṣojú wa ní Abuja bá wá kí yín, ẹ má ṣe gba ìkíni nìkan. Ẹ bi í pé: ìdájọ́ mélòó ni ìjọba ti mú ṣẹ, mélòó ni ó kù? Ẹ ní kí wọ́n máa tẹ iye rẹ̀ jáde lọ́dọọdún kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Ìjọba tí kò bá lè jíhìn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, kí ni yóò fi ní kí àwa pa òfin tirẹ̀ mọ́?