Bóòtù àti Gọ́ọ̀mù Lára Abẹ̀bẹ̀ Ẹ̀rọ Afẹ́fẹ́: Ta Ni Yóò Fọwọ́ Sí I?

A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín yóò béèrè pé kí ló kan àwa òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti ti ọkọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń yí láti pèsè iná mànàmáná. Ó kàn wá. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń jiyàn lé lórí nídìí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni ohun tí àwọn pánẹ́ẹ̀lì bítà àti àwọn tí ń kan bọ́dì lọ́rì ti ń fi ọwọ́ ṣe láti ọjọ́ pípẹ́: bí nǹkan bá sán, ṣé kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ni, tàbí kí a lu ú ní ihò, kí a fi bóòtù dè é?

Abẹ̀bẹ̀ yìí kì í ṣe irin. Fáíbà ni: aṣọ tí a fi fọ́nrán gíláàsì hun, tí a fi rẹ́sìnì rin gbingbin títí ó fi le. Wọ́n máa ń fi igi fífúyẹ́ tàbí fóòmù sáàárín rẹ̀ kí ó má baà wúwo jù. Ìlàjì méjì ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, wọn a fi ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, wọn a sì fi gọ́ọ̀mù lẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní ìdí rẹ̀, níbi tí ó ti so mọ́ orí ẹ̀rọ, ni ẹ ó ti rí bóòtù. Ìyókù, títí dé ṣóńṣó, gọ́ọ̀mù ni ó dì í mú.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ìyà tó ń jẹ ẹ́. Bí ó bá ń yí lẹ́ẹ̀mejìlá ní ìṣẹ́jú kan, láìdúró, yóò yí ju mílíọ̀nù 6 lọ ní ọdún kan. Ní 20 ọdún, ó ti lé ní mílíọ̀nù 120. Ní gbogbo ìgbà tó bá yí, ìwúwo òun fúnra rẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, a tún tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, bí ọmọdé ṣe ń tẹ wáyà títí yóò fi kán. Òjò àti eruku ń ha etí rẹ̀ iwájú, àrá ń sán lù ú, etí ẹ̀yìn a sì máa la níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún un ṣe máa ń fi okùn so ara wọn rọ̀ lókè. Wọn a ha ibi tó bàjẹ́ kúrò ní ìpele-ìpele, wọn a tẹ́ aṣọ fáíbà tuntun lé e, wọn a fi rẹ́sìnì rin ín, wọn a sì dúró kí ó gbẹ. Bí òjò bá sú, iṣẹ́ dúró. Bí atẹ́gùn bá le, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ló kù. Bí ọ̀rinrin bá sì wà lára abẹ̀bẹ̀, gọ́ọ̀mù kò ní mú dáadáa, ojú kò sì ní rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo àwọn bóòtù àti ribẹ́ẹ̀tì tí àwọn tí ń tún ọkọ̀ òfurufú ṣe ń lò, pàápàá irú èyí tí a ń ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo fà le, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kò lè dé inú abẹ̀bẹ̀ náà bí ó bá ti súnmọ́ ṣóńṣó. Bóòtù kò ní kí oòrùn ràn kí òun tó mú.

A faramọ́ ìwádìí náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí a ń lò lára lọ́rì ni a ó kàn gbé gun òpó. Bí a bá lu irin ní ihò tí ẹrù sì pọ̀ níbẹ̀, irin a máa fà díẹ̀, a sì pín ẹrù náà fún àwọn bóòtù yòókù. Fáíbà kì í fà. Fọ́nrán tí dírílù bá ti gé, ó gé náà nìyẹn, ẹrù tó ń rù yóò sì bọ́ sí ọrùn àwọn tó kù lẹ́bàá ihò. Bí dírílù bá kú, tàbí tí a kò fi pákó ti ẹ̀yìn ibi tí yóò yọ sí, ìpele á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ihò kò gbọdọ̀ súnmọ́ etí: ìlànà tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé ni pé kí ó jìnnà tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú bóòtù, ó kéré tán. Àwọn tí ń fi wáyà rán bọ́ńpà tó ya ní gáréèjì kò nílò ìwé láti mọ èyí. Wọ́n ti rí i tí rírán náà ya gba ojú abẹ́rẹ́.

Wọ́ṣà gbọ́dọ̀ fẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi òòlù lu ribẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, nítorí yóò fọ́ fáíbà náà wẹ́wẹ́. Sípánà tí ó ní òṣùwọ̀n ni kí a fi dè é, kì í ṣe agbára apá. Níbi tí fọ́nrán kábọ̀n bá sì wà lára abẹ̀bẹ̀, bóòtù alumíníọ̀mù yóò jẹ ní kíákíá. Ẹ wá rántí àrá: irin tí a bá fi sí ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀ lè pe iná ọ̀run sí ara rẹ̀ dípò wáyà tí wọ́n fi sínú abẹ̀bẹ̀ láti gbé e lọ sílẹ̀.

Èrò tiwa ni pé kí bóòtù àti gọ́ọ̀mù jọ ṣe é. Kí gọ́ọ̀mù ru ẹrù, kí bóòtù dúró gẹ́gẹ́ bí ọdẹ, pé bí gọ́ọ̀mù bá la, kí ó má lè là kọjá ibẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti mọ èyí tipẹ́. Ìlànà àjọ FAA ti Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀mí ènìyàn lé gọ́ọ̀mù nìkan lọ́wọ́. Bí kò bá sí ohun tí yóò dá ìlà náà dúró, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹrù dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, tàbí kí ẹ ní ọ̀nà àyẹ̀wò tó lè fi agbára rẹ̀ hàn dájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó mú wa kọ èyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 2024, abẹ̀bẹ̀ kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 107 kán ní oko ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ Vineyard Wind, lójú òkun nítòsí erékùṣù Nantucket. Fóòmù àti àfọ́kù fáíbà gbá etíkun náà títí wọ́n fi tì í pa. Kí oṣù náà tó parí, GE Vernova tó ṣe é sọ pé gọ́ọ̀mù kò mú tó ní ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ wọn ní Gaspé, ní Kánádà, àti pé ó yẹ kí àyẹ̀wò ti rí i. Ní ọdún 2025 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 10.5 dọ́là fún ìlú Nantucket. Ṣùgbọ́n ṣáájú owó yẹn, ní oṣù Kẹwàá 2024, àwọn ọ̀gá kan ti pàdánù iṣẹ́ ní Gaspé, wọ́n sì ti dá àwọn òṣìṣẹ́ kan dúró lẹ́nu iṣẹ́.

A kò sọ pé bóòtù ì bá gba abẹ̀bẹ̀ yẹn là. Ohun tí a ń sọ ni pé gọ́ọ̀mù máa ń bo àṣírí, ọjọ́ tí àṣírí bá sì tú, ọwọ́ tó wà nídìí iṣẹ́ ni wọ́n máa ń wò. Ta ló ní kí iṣẹ́ yá? Ta ló sọ iye wákàtí tí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ?

Ẹ má sọ pé ọ̀nà rẹ̀ jìn. Lambar Rimi ní ìpínlẹ̀ Katsina ní irú ẹ̀rọ yìí 37, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 275, tí Vergnet ti ilẹ̀ Faransé ṣe. Àwọn wọ̀nyẹn ní ọgbọ́n kan tí a fẹ́ràn: wọ́n ṣeé fà wálẹ̀ pẹ̀lú òpó wọn, kí a lè tún abẹ̀bẹ̀ ṣe ní orí ilẹ̀. Bí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí i ní ilẹ̀ wa, ta ni yóò máa tún wọn ṣe? Bí a kò bá kọ́ ọmọ tiwa, òyìnbó ni wọn yóò máa kó wá, àwọn tiwa á sì máa gbé àpótí irinṣẹ́.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí aṣojú wa gbé síwájú àwọn agbanisíṣẹ́ níbikíbi tí iṣẹ́ fáíbà bá wọ̀ nìyí. Kí wọ́n kọ́ àwọn tó ti mọ ribẹ́ẹ̀tì àti bóòtù ní iṣẹ́ fáíbà pẹ̀lú owó oṣù wọn ní pípé. Kí òṣìṣẹ́ lè kọ̀ láti fọwọ́ sí iṣẹ́ tí kò tíì gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì fìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Kí orúkọ ọ̀gá tó pàṣẹ wà lórí ìwé kan náà. Ìbọ̀wọ́ àti ìbomú kì í ṣe ẹ̀bùn ọdún Kérésì: eruku fáíbà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, bí ara ènìyàn bá sì ti kọ rẹ́sìnì ipókísì lẹ́ẹ̀kan, ó sábà máa ń kọ̀ ọ́ títí ayé, iṣẹ́ ẹni náà sì lè tán níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní àfikún, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fún aṣojú ibi iṣẹ́ rẹ̀ kí ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀ tó pé.