Asofẹ́yẹjẹ àti Àwọn Tí Orí Wọn Dàrú

Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níhìn-ín, a ti rí òbí tí ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọmọ rẹ̀, nítorí pé ọmọ náà ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọgbọ́n ni ó tán fún un. Àrùn yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní schizophrenia.

Inú wa a máa dùn láti rántí pé kì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nìkan ni àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa. Wọ́n ní asofẹ́yẹjẹ, igi tí í so fún ẹyẹ jẹ; gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń mú kí ara alárùn náà rọ̀, kí ó sì rí oorun sùn. Nínú gbòǹgbò yìí ni reserpine wà, èyí tí àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ jáde ní 1952 láti ara ìbátan igi náà tí í hù ní Íńdíà. Ní ọdún kan náà ni àwọn dókítà ní Paris bẹ̀rẹ̀ sí fi chlorpromazine wo wèrè. Ní 1958, Arvid Carlsson, ará Sweden, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé reserpine a máa gbọ́n dopamine gbẹ nínú ọpọlọ. Dopamine ni ó ń jíṣẹ́ láti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan sí èkejì. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn alárùn wọ̀nyí, iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ ti pọ̀ jù. Reserpine a gbọ́n ọn dànù. Chlorpromazine a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí ògo yìí má fọ́ wa lójú. Gbòǹgbò kò ní ìwọ̀n: ti òní lè le, kí ti ọ̀la fúyẹ́, bí ó bá sì pọ̀ jù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ a lọ sílẹ̀, ọkàn a sì rẹ̀wẹ̀sì. Ní Aró, Abẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn alárùn wọ̀ sí àwọn abúlé ìtòsí, ìbátan wọn bá wọn gbé, wọ́n sì ń lọ gba òògùn ní ilé ìwòsàn. Ó bá àwọn adáhunṣe wa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Ohun tí ó ń dùn wá jù ni pé ọmọ yóò lo òògùn fún oṣù díẹ̀, ohùn yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò le. Àwọn ará ilé yóò ní òògùn òyìnbó ti bà á jẹ́, wọn yóò sì dà á nù. Àwa oníwàásù pẹ̀lú kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí àwọn kan nínú wa ń kọ́ wọn pé ẹni tí ó ń gbàdúrà kò gbọdọ̀ lo òògùn. Gbígbọ̀n náà kì í ṣe irọ́: òògùn tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ dopamine níbi tí ohùn ti ń wá, a máa tì í pẹ̀lú níbi tí a ti ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin baálé, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ náà padà tọ dókítà lọ, kí ó dín òògùn kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá dá a dúró lójijì, ohùn náà a máa padà, nígbà mìíràn kí ọdún tó yí po, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ a sì tún sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà.