Níbo Ni Ọ́ìlì Sítíárìn Ń Lọ?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ó ti pé bí oṣù mélòó kan tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn awakọ̀ wa, a kò sì lè dákẹ́ sí i mọ́. Àwọn ọkọ̀ Camry àtijọ́ tí ó wà ní gáráàjì wa, tí òmíràn nínú wọn jẹ́ ti ọdún 2000, ń jẹ ọ́ìlì sítíárìn. Bí awakọ̀ bá lọ fi tó wọn létí, wọn a gbé ìgò ọ́ìlì kan lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa bù ú sí i. Bí ó bá padà wá béèrè òmíràn, wọn a ní ó ti tà á. Wọ́n tilẹ̀ ti gé nínú owó oṣù àwọn kan nítorí rẹ̀.

Ọ́ìlì sítíárìn kì í ṣe epo bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ó ń yí po lójú kan ni. Láti inú ike rẹ̀ ni ó ti ń lọ sínú pọ́ǹpù, pọ́ǹpù a tì í gba inú róbà líle lọ sí ráàkì tí ó ń yí táyà iwájú, yóò sì gba róbà kejì padà sínú ike. Bí ó bá dín, ó jò ni. Ẹni tí ó ń bù ú sí i láìwá ibi tí ó ti ń jò, apẹ̀rẹ̀ ni ó fi ń pọn omi.

Kí a kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé ọ́ìlì yìí ni ó ń jò. Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú. Ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń pè ní ATF Dexron ni àwọn Camry wọ̀nyí ń lò fún sítíárìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pupa náà a máa ṣú bí ó bá ti pẹ́. Ṣùgbọ́n jíà òtòmátíìkì náà ń lo ọ́ìlì pupa, nítorí náà kí ẹ wo ọ̀gangan ibi tí ó kán sí, kì í ṣe àwọ̀ nìkan.

Lẹ́yìn èyí, kí mẹ́káníìkì fọ gbogbo ibẹ̀, kí ó nù ún gbẹ. Kí ẹnìkan tan ẹ́ńjìnnì, kí ó yí sítíárìn dé òpin ọ̀tún àti òpin òsì, kí ó má ṣe dì í mú ní òpin ju sẹ́kọ́ǹdì 5 lọ, kí ẹnìkejì sì máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ọ́ìlì a máa ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn a sì máa fẹ́ ẹ sẹ́yìn, nítorí náà ibi tí ó ga jù lọ tí ó tutù ni kí ẹ fura sí. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ wá ibi tí ó ti jò lára róbà líle yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Agbára ọ́ìlì inú rẹ̀ lè ju 1,000 psi lọ, ó sì lè gún awọ ara wọlé bí abẹ́rẹ́. Páálí ni kí ẹ fi wò ó.

Bí ó bá jẹ́ ẹnu róbà tí ó ń dá ọ́ìlì padà ni, kílíìpù tàbí róbà tuntun ti tó, owó kékeré ni. Bí ẹ̀yìn púlì pọ́ǹpù bá tutù, síìlì rẹ̀ ti lọ. Èyí tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti ráàkì: ilẹ̀ gbẹ, páálí gbẹ, ọ́ìlì sì ń dín. Ẹ tẹ róbà oníṣẹ́po tí ó bo ráàkì lápá méjèèjì. Bí ọ́ìlì bá kún inú rẹ̀, síìlì ráàkì ti jẹ. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì tí wọ́n ní awakọ̀ tà wà.

Ẹ̀mí wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ́ìlì yìí náà ni ó ń mú kí inú pọ́ǹpù máa yọ̀. Bí ó bá gbẹ, irin a máa lọ irin, yóò máa han, sítíárìn a sì le lójijì ní kọ́nà. Bí ó bá ń kán sórí páìpù èéfín gbígbóná, ó lè gbiná. Kí ẹnikẹ́ni má sì da ọ́ìlì bíréèkì sí i, síìlì ni yóò bà jẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà pé ó ń dí ibi tí ó jò, ṣe ni ó ń mú síìlì wú fún ìgbà díẹ̀.

A kò sọ pé áńgẹ́lì ni gbogbo awakọ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń di sítíárìn mú ní òpin bí ẹni ń jìjàkadì. Kí wọ́n jáwọ́.

Ṣùgbọ́n Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974, ní abala karùn-ún, kò gba agbanisíṣẹ́ láyè láti gé owó òṣìṣẹ́ nítorí òfò, àfi bí òṣìṣẹ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí tí kò bìkítà, tí aṣojú ìjọba fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti fọwọ́ sí i nínú ìwé kí wọ́n tó gé e. Kí ni síìlì tí ó gbó fi kan awakọ̀?

Láti ìsinsìnyí lọ, kí awakọ̀ máa kọ ọjọ́, iye kìlómítà àti iye ọ́ìlì tí ó bù sínú ìwé ọkọ̀, kí mẹ́káníìkì sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n ti gé owó rẹ̀, kí ó mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá fún akọ̀wé ẹ̀ka ṣáájú ìpàdé tí ń bọ̀. A ó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá àwọn aláṣẹ, a ó sì mú róbà ráàkì kan tí ọ́ìlì kún inú rẹ̀ dání.