Nígbà Tí Fóònù Bá Di Ìwé Àwòrán Ọmọ

Ó ṣòro kí ènìyàn wọ ilé tí ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ wà kó má rí àwòrán níbì kan: lẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àmúrelé, lára ògiri, tàbí lórí páálí bisikíìtì. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá wo "Iyanu", eré àwòrán tí Roye Okupe gbé kalẹ̀ láti inú àṣà Yorùbá, tó sì bẹ̀rẹ̀ lórí Cartoon Network ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìbéèrè kan yóò wá sí i lẹ́nu: "Báwo ni wọ́n ṣe yà á?" Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń fún un ni pé, "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀, lọ kàwé rẹ."

Ìbẹ̀rù òbí kì í ṣe aláìnídìí. Fídíò kan ń fa òmíràn, ilẹ̀ yóò sì ti ṣú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wo ohun tí ẹlòmíràn ṣe yàtọ̀ sí ọmọ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù kan náà ni wọ́n dì mú. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kọ́ àwòrán yíyà lórí ẹ̀rọ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Àkókò tí a yà sọ́tọ̀, òfin tó ṣe kedere àti òbí tó ń wo iṣẹ́ ọmọ ni ó ṣe kókó.

Orí bébà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ojú ni àwòrán kó tó di iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ gbé ife kan tàbí ṣíbí ìdáná síwájú ọmọ, kí ẹ ní kó wò ó fún ìṣẹ́jú kan kó tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù. Níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀? Ẹ̀gbẹ́ wo ló ṣókùnkùn? Ṣé róbótó ni ẹnu ife náà rí láti ibi tó jókòó sí, àbí ó gùn díẹ̀ bí ẹyin? Ọmọ tó bá ti mọ bí a ti ń wo nǹkan yóò gbé ojú náà dé orí ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lè fún un ní fóònù. Áàpù ibisPaint wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Android àti iPhone, ìka ọwọ́ sì tó láti fi yàwòrán lórí rẹ̀. Ẹ fi dátà gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì máa pa dátà kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí ń fi owó pamọ́, ó ń dín ìpolówó ọjà kù, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ ṣèèṣì bọ́ síbi tí àwọn àjèjì ti ń pàtẹ àwòrán wọn. Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká bá wà nílé, ẹ gbé Krita sí i: ọ̀fẹ́ ni òun náà, àwọn tó ń fi àwòrán jẹun sì ń lò ó. Ní ti pátákó àwòrán tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má tètè rà á. Ọwọ́ wà lórí tábílì, àwòrán ń hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ojú àti ọwọ́ tó mọ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta hàn pé òun ń padà sídìí iṣẹ́ láìsí ẹni tó lé òun.

Bọ́tìnnì inú àwọn áàpù wọ̀nyí pọ̀. Mẹ́ta péré ni kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀. Èkíní ni búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Èkejì ni bọ́tìnnì tó ń pa ohun tí a fà kẹ́yìn rẹ́, èyí tó ń mú ìbẹ̀rù àṣìṣe kúrò. Ẹ̀kẹta ni ìpele, òun sì ni olórí wọn. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ báyìí: ká ní a tẹ́ ọ̀rá mẹ́ta tó mọ́ gaara léra wọn, tí a ya ilé sí ti ìsàlẹ̀, igi sí ti àárín, ọmọ tó ń ṣeré sí ti òkè. Bí igi kò bá dára, ọ̀rá tirẹ̀ nìkan ni a ó yọ. Ohunkóhun kò ní ṣe ilé àti ọmọ.

Kí ni kí ó wá máa yà? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwọn obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń pín aṣọ funfun sí ojú kéékèèké onígun mẹ́rin, wọn yóò fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láàfún ya ọnà sí ojú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un, bẹ́ẹ̀ ni ọnà ṣe ń jáde. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ ní kí ọmọ fi àwọ̀ aró kun ìpele ìsàlẹ̀, kó pín in sí ojú mẹ́rin, kó sì fi àwọ̀ funfun ya ọnà sí ojú kọ̀ọ̀kan lórí ìpele òkè: ẹyẹ, ewé, ìràwọ̀, ṣíbí tó ti yà lórí bébà. Àwọ̀ méjì péré ni, nítorí náà iṣẹ́ náà yóò parí, yóò sì lẹ́wà.

Òfin ilé kò gbọdọ̀ gùn. Ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ní pálọ̀, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti tó o. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, kó wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ojú lè sinmi. Ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi méjì, torí fóònù lè sọnù. Ẹ má ṣí ojú ewé Instagram tàbí TikTok fún un. Ọmọ ọdún 13 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke. Ní ti ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń ya àwòrán bí a bá ti sọ ohun tí a fẹ́, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ọmọ tó ń rí àwòrán gbà láìfọwọ́ kan nǹkan kan kò ní rí ìdí tó fi yẹ kí òun dán tòun wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa tún wà níbẹ̀. "Kí nìyí? Ṣé ewúrẹ́ ni àbí ajá?" A ó rẹ́rìn-ín, a ó gbàgbé, ọmọ kò ní gbàgbé, ó sì lè má ya òmíràn mọ́. Ẹ kúkú ní, "Ọmọ mi, sọ ìtàn rẹ̀ fún mi." Ẹ tọ́ka sí ohun kan pàtó tó ṣe dáadáa, kí ẹ sì béèrè èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ tún ṣe. Ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a tún un ṣe, ẹ má sì fi iṣẹ́ rẹ̀ wé ti ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Bí ẹ kò bá mọ áàpù náà lò, kò burú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: òun yóò fi bọ́tìnnì hàn yín, ẹ̀yin yóò fi sùúrù hàn án.

Àwọn kan yóò béèrè pé, ṣé èyí yóò di oúnjẹ lọ́la? Ó ti di oúnjẹ fún àwọn kan. Ní ọdún 2024, Disney àti iléeṣẹ́ Kugali gbé "Iwájú" jáde, eré àwòrán tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó. Síbẹ̀, ẹ má di ẹrù owó lé ọmọ ọdún mẹ́jọ lórí. Èyí tó bá di ayàwòrán, ó dára. Èyí tó bá di nọ́ọ̀sì tàbí bíríkìlà yóò ṣì ní ojú tó ń rí nǹkan àti ọwọ́ tó mọ bí a ti ń parí iṣẹ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé ife kan kalẹ̀, kí ẹ̀yin náà sì mú pẹ́ńsù. Ẹ ya tiyín, kí ọmọ ya tirẹ̀. Bí tiyín bá burú ju tirẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín.