ẸNI TÓ JÌN SÍ KÒTÒ: Ẹ̀KỌ́ MAKOLA FÚN ÒṢÌṢẸ́ NÍ ÌPARÍ ỌDÚN



Nígbàkígbà tí ọdún bá ń lọ sópin, tí nǹkan sì le koko, àwọn onímọ̀ràn a máa pọ̀ lọ bí omi. Wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ dín ìnáwó kù, kí ó má da aṣọ ọdún, kí ó tọ́jú ìwọ̀nba tó bá kù, kí ó sì fọkàn balẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣọ́ owó ná. Ṣùgbọ́n irọ́ kan fara pamọ́ sínú ìmọ̀ràn yìí. Ó ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé ìwà àpà rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di aláìní, àti pé bí ó bá ti ṣọ́ owó ná, ewu ti kọjá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí irọ́ náà ti tóbi tó, kí ó wo ọjà Makola ní ìlú Accra. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

OHUN TÍ OJÚ MAKOLA RÍ

Ọdún 1924 ni ìjọba amúnisìn kọ́ ọjà náà. Àwọn obìnrin ni wọ́n gbé e ró. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń dá owó sọ́wọ́ alájọ; susu ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, àjọ ni tiwa. Ta ni yóò pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní àpà?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ọdún kù dẹ̀dẹ̀, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọjọ́ 14. Àwọn ọmọ Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti ìlú mìíràn ń ṣòwò káàkiri Ghana nígbà náà. Ọjà tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ di ohun tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Àwìn tí wọ́n tà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sẹ́ni tó san án mọ́.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1979, ìjọba ológun Fred Akuffo pààrọ̀ owó. Ẹni tó mú cedi mẹ́wàá àtijọ́ wá gba méje tuntun. Lórí ohun tó bá lé ní 5,000, márùn-ún péré ni wọ́n fi rọ́pò mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, àwọn ológun ìjọba Jerry Rawlings wó Makola Number One palẹ̀, wọ́n ní àwọn ìyálọ́jà ni ó fa ọ̀wọ́n gógó. Ibi tí ìsọ̀ wà tẹ́lẹ̀ di ibùdókọ̀ tí wọ́n ń pè ní Rawlings Park. Ní ọdún 1982, ìjọba Rawlings kejì tún gba owó bébà cedi 50 lọ́wọ́ ará ìlú, ó sì ti àpò owó báńkì tó bá ju 50,000 lọ pa.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó kó owó sábẹ́ ẹní pàdánù. Ẹni tó kó o sí báńkì kò rí i gbà. Ẹni tó sọ ọ́ di ọjà, wọ́n wó ìsọ̀ lé e lórí. Ìwà àpà wo ni ó wà níbẹ̀? Ohun tí wọn kò ní ni agbára àpapọ̀ tí ìjọba ìbá gbọ́dọ̀ bá jókòó sọ̀rọ̀ kí ó tó fọwọ́ kan owó wọn.

ẸGBẸ́ NI ODI

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Accra kan náà ní ọdún 2022. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ọ̀wọ́n gógó dé ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, ìjọba kéde pé kí àwọn tó yá òun lówó wá pààrọ̀ ìwé ẹ̀yáwó wọn sí òmíràn tí èlé rẹ̀ kéré, tí ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ sì jìnnà. Owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ wà nínú ìwé wọ̀nyí. Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Ghana, TUC, àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn fèsì pé àwọn yóò yanṣẹ́ lódì ní ọjọ́ 27. Ní ọjọ́ 22, ìjọba fọwọ́ síwèé pé òun yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò. Lóòótọ́, owó náà padà wọ pàṣípààrọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ṣùgbọ́n lábẹ́ àdéhùn ọ̀tọ̀ tí wọ́n jókòó dúnàádúrà lé lórí ni.

Àwọn arúgbó tí ó fi owó ara wọn ra ìwé ẹ̀yáwó kò ní irú odi bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìṣúná ni wọ́n lọ jókòó sí, tí ẹni tó ti jẹ́ Adájọ́ Àgbà rí, Sophia Akuffo, wà pẹ̀lú wọn, kí ìjọba tó gbà láti yọ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó orí kò yàtọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1995, ìjọba Ghana gbé owó orí ọjà, ìdá 17.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lé ará ìlú lórí. Ní oṣù Karùn-ún, ogunlọ́gọ̀ wọ́de ní Accra, ẹ̀mí sì ṣòfò. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé e kúrò. Nígbà tí ó padà wá ní ọdún 1998, ìdá 10 ni. Owó orí tí wọ́n bù lé fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù ní ọdún 2022, wọ́n fagi lé e ní ọdún 2025. Ènìyàn ni ó ń ṣe òfin owó orí. Ènìyàn lè yí i padà.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÓ NÍ KÍ A SÁ FÚN OWÓ ORÍ

Àwọn kan yóò wí pé: bí ìjọba bá rí báyìí, ẹ jẹ́ kí a sá fún owó orí. Níbo ni òṣìṣẹ́ yóò sá sí? Wọ́n ti yọ tirẹ̀ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Olówó ńlá ni ó ń rí ọ̀nà sá. Bí ó bá sì sá, èjìká wa ni ẹrù náà ń bọ́ sí. Síwájú sí i, ẹni tó ń sá kì í ní ìwé lọ́wọ́. Àwọn tí kò ní ìwé lọ́wọ́ ni àṣẹ ọdún 1969 sì kọ́kọ́ gbá dànù. Kí òṣìṣẹ́ san ohun tí òfin wí. Kí ó má sì san kọ́bọ̀ kan lé e.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ O ṢE

1. Tọ́jú rìsíìtì owó ilé. Lábẹ́ òfin owó orí Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó ọdún tí a ń gba owó orí lé lórí kò ní owó orí. Ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí o san, tí kò bá ti kọjá 500,000 náírà, ni a óò yọ kí a tó ṣírò tìrẹ. Ẹni tí onílé rẹ̀ kò fún ní ìwé, kí ni yóò fi hàn?

2. Yẹ owó ìfẹ̀yìntì rẹ wò. Òfin ọdún 2014 ní kí o dá ìdá 8, kí agbanisíṣẹ́ dá ìdá 10. Béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí o fi wé ìwé owó oṣù rẹ. Bí wọ́n bá yọ ọ́ tí wọn kò fi ránṣẹ́, gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ rẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkùnsínú.

3. Má kó gbogbo owó sí ojú kan. San gbèsè tí èlé rẹ̀ pọ̀ jù ná. Fi díẹ̀ sí báńkì, fi díẹ̀ sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

4. Jẹ́ kí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ mọ ibi tí ìwé wọ̀nyí wà.

Ẹ̀yin ará, ìṣọ́wóná dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò gba Makola là. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Bí ọdún ti ń parí yìí, ẹ kó ìwé yín jọ, ẹ ṣírò owó yín, kí ẹ sì wá sí ìpàdé. Owó òógùn wa ni. Àwa fúnra wa ni yóò dáàbò bò ó.